Ta Ló Gbin Igi Sójúde Wa?

Èmi kì í tètè gba èèyàn gbọ́. Ẹni tó bá kí mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kan náà, mo ti ń ronú ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní bí málékà bá kan ilẹ̀kùn, màmá àwọn á kọ́kọ́ bi í pé ta ló rán an. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Ìfura loògùn àgbà. Ojúde ilé wa ni mo ti kọ́ ọ, ọwọ́ ẹni tí mi ò fura sí rárá ni mo sì ti gba ẹ̀kọ́ tó le jù nínú rẹ̀.

Àwọn àlejò tó bá wọ Ìbàdàn, Mápó ni wọ́n ń sáré lọ. Wọ́n á gun àtẹ̀gùn, wọ́n á dúró sídìí àwọn òpó ńláńlá yẹn, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ní àwọn ti rí ìgboro. Iwájú Mápó tóbi, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ti ìjọba ni. Bó o bá jókòó pẹ́ níbẹ̀ jù, ẹnì kan á bi ọ́ pé kí lo wá ṣe. Ojúde tiwa ní Bẹ́yẹrúnkà kò ní òpó, kò ní àtẹ̀gùn. Ilẹ̀ pupa lásán ni, tí àwọn ilé alámọ̀ onípáànù tó ti dípẹtà yí ká. Síbẹ̀, sọ fún ọlọ́kadà ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ tàbí ní Oríta-mẹ́rin pé ojúde wa lò ń lọ, kò ní bi ọ́ léèrè ọ̀nà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń so yìgì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọmọ lórúkọ. Ibẹ̀ ni tọkọtaya tó bá jà ti ń wá tú àṣírí ara wọn, tí àwọn àgbà á máa dibọ́n bí ẹni pé wọn ò gbádùn ẹjọ́ náà. Kódà àwọn Aládùúrà tó wà lẹ́yìn ilé wa, bí ilé ìjọsìn wọn bá kún, ojúde wa ni wọ́n ń kó àga sí, kò sì sí mùsùlùmí tó bá wọn jà.

Ẹni tó bá sì kú nínú agbo ilé wa, àárín ojúde náà ni wọ́n á tẹ́ ẹní sí. Wọ́n á gbé e sílẹ̀, ààfáà á dúró síwájú, àwọn ọkùnrin á tò sẹ́yìn, wọ́n á kírun sí i lára kí wọ́n tó gbé e lọ sin. Ibẹ̀ ni bàbá mi gbà lọ. Láti ọjọ́ náà ni màmá mi ti máa ń na ìka sí ojú ibẹ̀ gan-an, á ní, "Ibí yìí ni wọ́n gbé e sí. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ gbé èmi sí o. Ẹ má gbé mi lọ síta gbangba ibòmíì tí mi ò mọ ẹnikẹ́ni." Àwa á ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, pé Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Á ní, "Ṣé mo ní mo fẹ́ lọ lónìí ni?"

Ọmọ Kúdẹtì ni màmá mi. Ìyàwó ló jẹ́ nílé wa, nílé wa sì rèé, ìyàwó kì í dàgbà. Obìnrin lè ti hu ewú tán, kó ti rí ọmọ ọmọ, ìyàwó náà ni. Gbogbo ọmọ tó bá bá nínú ilé lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wọlé, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n, kò gbọdọ̀ pè wọ́n lórúkọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ olórí ilé wa lónìí, kò tíì lè rìn nígbà tí màmá mi wọlé. Ẹ̀yìn màmá mi ló ti ń sùn, ọwọ́ rẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun. Títí tó fi hu irùngbọ̀n funfun, "ọkọ mi" ni màmá ń pè é, "ẹ" ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Òun náà á dáhùn, "Ìyàwó wa, ẹ kú ilé." Èmi ní tèmi, Bọ̀dá ni mò ń pè é, mi ò sì fọkàn tán an.

Ẹ gbọ́ ìdí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kan, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí Bọ̀dá. Bàtà funfun ló máa ń wọ̀ nínú ẹrẹ̀ tiwa, ẹ ò rí i pé ìyẹn nìkan ti tó kéèyàn fura? Jíìpù rẹ̀ á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á bọ́ sílẹ̀, òun àti Bọ̀dá á máa rìn yípo ojúde. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi kọjú síbẹ̀, mò ń wò wọ́n láti ìdí máṣíìnì. Ẹni tó wá kí èèyàn, ojú èèyàn ló ń wò. Ilẹ̀ ni ọkùnrin yìí ń wò. Á fi ẹsẹ̀ wọn ibí, á fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀hún, á máa mi orí. Mo bi Bọ̀dá pé ta ni. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ni. Mo ní ọ̀rẹ́ láti ìgbà wo? Ó ní òrùlé ilé ń jò, ṣé èmi ló máa bá òun tún un ṣe? Mo bi í ní ọ̀ràn ọ̀rẹ́, ó fi ọ̀ràn òrùlé dá mi lóhùn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo lọ ra òwú àti sípù ní Ọjà'ba. Nígbà tí mo fi máa padà, ọ̀pá kan ti dúró láàárín ojúde. Ọ̀pá tútù ni, kò nípọn, wọ́n ti tẹ ilẹ̀ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo ní ó parí, wọ́n ti kan èèkàn, wọ́n ti ta ojúde.

Mo sáré bá màmá mi lẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tó ti ń fa tẹ̀sùbáà. "Màmá, ẹ ò rí i? Ta ló ri ọ̀pá yẹn mọ́lẹ̀?"

Ó gbójú sókè, ó wo ọ̀pá náà dáadáa, ó tún wojú mi. "Wọ́n ri í mọ́lẹ̀ lóòótọ́," ló wí.

Mo ti fẹ́ lọ fà á tu, ó di ìró mi mú. "Má fọwọ́ kàn án. Bó o bá fà á tu lónìí, wọ́n á ri òmíràn lọ́la. Fi sílẹ̀. Ẹni tó ni ín ò ní ṣàìwá wò ó." Mo ronú sí i, mo rí i pé ọ̀rọ̀ àgbà ni. Mo fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn òjò mélòó kan, ọ̀pá náà hu ewé. Háà! Ọdán ni, igi òjìji tí wọ́n máa ń gbìn sójúde àtijọ́. Èèkàn tí mo pè é tilẹ̀ sàn ju èyí lọ. Nítorí ní ilẹ̀ wa, o lè fi ilẹ̀ yá àlejò kó gbin àgbàdo, kó gbin ata, kó gbin ẹ̀gẹ́. Á kórè, á palẹ̀ mọ́, ilẹ̀ á tún di tìrẹ. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin igi. Ẹni tó bá gbin igi ti ń sọ pé òun ò lọ mọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ tó bá dẹjọ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á bèèrè ni pé ta ló gbin igi tó wà lórí ilẹ̀ náà. Ọmọdé ilé wa mọ èyí kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé.

Bí ilé ṣe dàrú nìyẹn o. Èmi ní Bọ̀dá ló gbìn ín fún oníbàtà funfun. Bọ̀dá ní èmi ni, pé mo fẹ́ fẹ ṣọ́ọ̀bù mi síwájú, pé láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ọkọ ni ojú mi ti wà lára ilé. Ẹ gbọ́ ẹ̀gàn! A tún jọ fura sí ọkùnrin kan láti Òkè Padre tó gba yàrá ìta lọ́wọ́ wa, tó ń ta ṣájà fóònù. Òun náà ní àwa onílé la gbìn ín láti fi lé òun. Ojúde tí kì í ṣófo wá ṣófo. Oníkálukú gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ padà sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá á fẹ̀gbẹ́ rìn, kí wọ́n má baà ní ó súnmọ́ igi. Wọ́n sọmọ kan lórúkọ lásìkò yẹn, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, a fún mọ́ra bí ẹja inú agolo. Ó dùn mí gan-an.

Bọ̀dá pe ìpàdé, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan igi náà. "Igi tuntun kì í gbé láìmu omi," ó ní. "Ọ̀gbẹlẹ̀ ti dé. Ẹni tó gbìn ín á wá bomi rin ín, a ó sì mú un. Kí gbogbo ojú wà níbẹ̀."

Màmá mi ní, "Ọkọ mi, kí ni èmi àgbàlagbà ń ṣe nílé? Ẹ jẹ́ kí n máa bá yín ṣọ́ ọ."

"Ìyàwó wa, ẹ ṣeun. Ẹ mà rí i," Bọ̀dá dá a lóhùn, "ìyàwó lásán-làsàn ló fẹ́ràn ilé yìí ju àwa ọmọ ilé lọ." Ó wá fi ojú gún mi.

Bí màmá mi ṣe gbé àpótí rẹ̀ lọ sí ìdí igi nìyẹn. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ ló wà, tòun ti tẹ̀sùbáà àti kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀. Bí ìrun bá tó, á fọ ọwọ́, á fọ ojú, á fọ ẹsẹ̀, á wọlé lọ kírun, á tún padà sórí àpótí. Gbogbo wa ń ṣọ́ bí ẹni ń ṣọ́ obì lórí àtẹ. Ọ̀gbẹlẹ̀ náà le, koríko ẹ̀bá ògiri jóná, ilẹ̀ ojúde sán. Ìdí ọdán kò gbẹ. Ewé rẹ̀ ń dán.

"Màmá, ẹ ò rí ẹnikẹ́ni?"

"Mi ò rí ẹnikẹ́ni tó gbé garawa wá o," á ní. "Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà."

Mo ní ẹ̀n-ẹ́n, Bọ̀dá ni wọ́n ń wí.

Lọ́jọ́ kan mo rí ọlọ́jà ṣájà nítòsí ibẹ̀ pẹ̀lú píọ̀ wọ́tà lọ́wọ́, ó ń da omi sílẹ̀. Mo jù sísọ́ọ̀sì nù, mo bẹ́ jáde. "Ọwọ́ tẹ̀ ọ́! Ọwọ́ pálábá rẹ ti ségi lónìí!" Èèyàn péjọ. Ọkùnrin náà yanu, omi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀wà ni mo jẹ, ẹnu ni mò ń fọ̀!" Màmá mi rẹ́rìn-ín títí tó fi ń nu omijé. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo ṣì sọ fún un pé kó máa lọ fọ ẹnu rẹ̀ ní Òkè Padre.

Ọ̀sán kan ni oníbàtà funfun padà dé, òun àti ẹnì kan tó gbé téèpù dání. Bọ̀dá jáde lọ pàdé wọn, mo dá máṣíìnì dúró. Wọ́n ti ń na téèpù kí oníbàtà funfun tó rí igi náà. Ó dúró sójú kan.

"Àlàájì, igi ta nìyí?"

"Kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni," Bọ̀dá dáhùn. "A ó gé e."

"Ta ló gbìn ín?"

Bọ̀dá wúkọ́. "A ṣì ń wádìí rẹ̀ ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti ń ká téèpù. "Igi kan kì í gbin ara ẹ̀ sáàárín gbùngbùn ojúde. Ẹnì kan wà níbì kan tó ń dúró dè mí. Àlàájì, ilẹ̀ ni mo fẹ́ rà, mi ò fẹ́ ra ẹjọ́." Ó wọnú jíìpù, ó di gbére. Inú mi dùn débi pé mo rán apá bùbá oníbàárà kan lódì, mo ní láti tú u.

Ìbínú Bọ̀dá ò ṣeé fẹnu sọ. Lẹ́yìn ìrun Aláàsárì, ó kó gbogbo ilé jáde, ó mú àdá dání. Ó pẹ́ tí gbogbo wa ti péjọ sójúde bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó wojú ẹnì kejì rẹ̀. Màmá mi wà lórí àpótí rẹ̀ nídìí igi.

"Igi tó máa gún ni lójú, òkèèrè la ti ń wò ó," Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀. "Mo ti wò ó tó. Ẹni tó gbìn ín kó jáde. Bí kò bá jáde, màá gé e, màá sì fi onítọ̀hún gégùn-ún lórí ilẹ̀ tí bàbá wa ti kọjá."

Màmá mi fọwọ́ ti orúnkún, ó dìde. "Ọkọ mi, ẹ má gégùn-ún. Èmi ni."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó fẹ́ bò mí láṣìírí ni. Bọ̀dá ní, "Ìyàwó wa, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ ọkùnrin là ń sọ."

"Èmi ni, mo ní. Ọjọ́ Jímọ̀ tí ẹ lọ kírun. Ẹ̀ka ọdán tó wà lójúde bàbá mi ní Kúdẹtì ni. Mo fi ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀ dé ilé. Gbogbo yín rí mi. Ta ló ń bi arúgbó léèrè pé kí ló ń fi ọ̀pá ṣe?"

"Omi ńkọ́?" ẹnì kan bèèrè.

Màmá mi gbé kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀ sókè. Mo wo ìdí igi, mo wo ibi tí omi ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń ṣàn gbà lójoojúmọ́ lójú wa kòrókòró.

Bọ̀dá na àdá sí igi náà. "Ìyàwó kì í gbin igi nílé ọkọ! Ẹ wá tún mú un láti ilé bàbá yín! Ẹ fẹ́ gba ilẹ̀ wa ni?"

"Kí ni mo fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe, ọkọ mi? Èyí tí mo fẹ́ kò ju ibi tí ẹní kan gbà lọ. Ibi tí wọ́n gbé bàbá àwọn ọmọ mi sí ni mo gbìn ín sí. Bí ẹ bá ta ojúde, inú ṣọ́ọ̀bù ta ni ẹ ó ti kírun sí mi lára?" Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ẹ gé e bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má gégùn-ún. Ẹ̀yìn mi ni ẹ ti sùn, èpè yín á tètè dá mi mọ̀."

Bọ̀dá dúró pẹ̀lú àdá náà bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹrù tí kò mọ ibi tó máa sọ ọ́ sí. Nígbà tó yá ó ní, "Kí kálukú máa lọ sílé," ó yí padà, ó wọlé. Kò gé e. Kò sì sọ pé òun ò ní gé e.

Mo bínú sí màmá mi, mi ò ní purọ́. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún èmi ọmọ rẹ̀? Ó ní, "Ìwọ? Gbogbo ilé ló ń wojú rẹ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bó o bá mọ̀, o ò ní fura sí ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ìwọ ò bá sì fura, wọ́n á mọ̀ pé inú yàrá wa ni igi náà ti jáde." Ó fọwọ́ gbá mi léjìká. "O ṣe é dáadáa. Ti ọlọ́jà ṣájà yẹn ló dùn jù."

Díẹ̀ díẹ̀ ni bẹ́ǹṣì ń padà sójúde. Ọdán náà ń ga, òjìji rẹ̀ tó àpótí kan, ó tó bẹ́ǹṣì kan. Ọlọ́jà ṣájà gbé tábìlì rẹ̀ síbẹ̀, mo jẹ́ kó wà. Bọ̀dá nìkan ni kì í dé ibẹ̀. Á kí màmá mi láti òkèèrè, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Àràárọ̀ ni mò ń wo igi náà kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, nítorí mo mọ̀ pé lọ́jọ́ kan á gé e.

Ìgbà ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e ni màmá mi kú, lórí ibùsùn rẹ̀, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọ́n tẹ́ ẹní sí àárín ojúde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi rẹ̀. Àwa obìnrin dúró sẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀dọ̀ Bọ̀dá ni mo kọjú sí pẹ̀lú omijé lójú mi, mò ń wò ó bóyá á ní kí wọ́n gbé e síwájú díẹ̀ sí i, kúrò nídìí igi. Òun ló di ibi orí ẹní mú. Ó rọra gbé e sílẹ̀, ó ṣí ẹ̀ka kan kúrò lójú ọ̀nà, ó lọ tò sẹ́yìn ààfáà.

Nígbà tí àwọn olùbánikẹ́dùn ti lọ tán, mo jókòó nídìí máṣíìnì, mo rí i pé eruku ọyẹ́ ti bo ewé ọdán, ìdí rẹ̀ sì ti sán. Mo ń rò ó pé kí n dìde lọ bu omi. Bọ̀dá jáde síta. Àpótí màmá mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, kẹ́tùlù wà lọ́wọ́ kejì. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ẹ̀yìnkùlé ló ti ń ṣe àlùwàlá. Ó gbé àpótí sí ìdí igi, ó jókòó, ó fọ ọwọ́, ó fọ ojú, ó fọ ẹsẹ̀, kò kánjú rárá. Ó wá da èyí tó ṣẹ́ kù nínú kẹ́tùlù sí ìdí igi.

Ó gbójú sókè, ó rí i pé mò ń wo òun.

"Àlùwàlá ni mò ń ṣe o," ó ní.

"Mo rí i, Bọ̀dá," mo dá a lóhùn, mo sì tẹ máṣíìnì mi lọ.